Ẹ̀sùn lórí àdírẹ́sì mẹ́rin tí mo ń sanwó rẹ̀ tí n kò rí lò

Òkè-Fìà, Òṣogbo.

Sí Alákòóso Ẹ̀ka Oníbàárà,

Ẹ kú iṣẹ́. N kò ní ro ẹjọ́ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ mọ́, nítorí nọ́ḿbà ẹ̀sùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ ti fún mi lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, mo sì gbà pé ẹnìkan ń kọ nǹkan sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Àdírẹ́sì IP márùn-ún, ìyẹn nọ́ḿbà tí a fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni mo ń sanwó rẹ̀ fún yín lóṣooṣù. Ẹyọ kan ló ń ṣiṣẹ́.

Ohun tó bí mi nínú jù ni ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin tó gbé fóònù yín lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ní kí n pa sáfà mi, kọ̀ǹpútà tí mo fi àwọn àdírẹ́sì náà sí, kí n tún un tàn. Mo ṣàlàyé pé àdírẹ́sì tí èèyàn bá fi àṣẹ «ip addr add» lẹ̀ mọ́ eth0, ìyẹn káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì sáfà, máa ń pòórá bí sáfà bá kú tó tún jí, àfi tí a bá kọ ọ́ sínú fáìlì, pé mo ti kọ ọ́ síbẹ̀, pé márààrún sì ń hàn lójú mi bí mo ṣe ń bá a sọ̀rọ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, «Dádì, ojúlé kan kì í ní nọ́ḿbà márùn-ún, ẹ lọ ra káàdì mẹ́rin sí i.» Ilé-iṣẹ́ tó ń ta àdírẹ́sì ló ń dáhùn fún o! Ẹ̀yin lẹ fún mi ní /29, ìyẹn ìdì àdírẹ́sì kan: mẹ́jọ ni, ẹ yọ ti àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn tí a kì í fún ẹ̀rọ kankan, ẹ yọ ti ráútà yín, ẹ̀rọ tó ń darí íńtánẹ́ẹ̀tì wá sọ́dọ̀ mi, ó ku márùn-ún, káàdì kan ṣoṣo sì lè gbé gbogbo wọn láìjanpata.

Mo jókòó ti tcpdump, ètò tó ń fi gbogbo ohun tó ń wọlé tó ń jáde lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì hàn, fún wákàtí kan gbáko, nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kan ń fi ping, àṣẹ tí a fi ń mọ̀ bóyá àdírẹ́sì ń dáhùn, pe márààrún láti Ìbàdàn. Ráútà yín ń béèrè ẹni tó ni àdírẹ́sì àkọ́kọ́, sáfà mi sì ń dá a lóhùn. Kò béèrè mẹ́rin yòókù rárá; ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ti ń sọnù.

Obìnrin kan, ọmọlúàbí ni tòótọ́, ṣèlérí pé ẹnjiníà yóò pè mí láàárín wákàtí méjì. Mo gbé fóònù wọ ilé ìwẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé. Bóyá wákàtí yín gùn ju ti Òṣogbo lọ.

Bí ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ bá fi kọjá tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò ṣiṣẹ́, tí owó wọn kò sì padà sọ́wọ́ mi, màá pe 622 fún àjọ NCC tó ń bójú tó ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, kí ẹ sì wá gbé àwo yín kúrò lórí òrùlé mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fún mi ní nọ́ḿbà ẹ̀sùn kẹrin.

Èmi ni,
Oníbàárà yín ní Òkè-Fìà.