Awò ńlá kọ́ ló ń gbé ọta débi àmì

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Lẹ́tà kan tí ẹ tẹ̀ jáde láìpẹ́ yìí gba àwọn ọdẹ àti àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi ìbọn ṣeré ìdárayá ní Èkìtì nímọ̀ràn pé kí wọ́n ra awò ìbọn tó ń fa nǹkan súnmọ́ ojú ní ìlọ́po 24, pé ẹni tó bá ti ní in kò ní tàsé ohun tó wà lókèèrè mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè kí n ta ko ìmọ̀ràn náà, nítorí owó tí yóò gbọ́n lọ lápò àwọn èèyàn kò kéré. Awò a máa jẹ́ kéèyàn rí àmì. Kì í mú ọwọ́ dúró, kì í tún ọ̀pá ìbọn ṣe, kò sì mọ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí.

Ká tó dé orí awò, irú ìbọn wo là ń sọ? Ilẹ̀ Ògún Onírè ni tiwa, ìbọn kò ṣàjèjì sí wa, ṣùgbọ́n ṣakabùlà ló pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn ọdẹ, inú ọ̀pá ṣakabùlà sì ń dán jọ̀lọ̀ ni. Kò ní ìlà lílọ́ tó máa ń wà nínú ọ̀pá ráífù, èyí tó ń mú kí ọta máa pòòyì bó ṣe ń jáde. Ọta tí kò pòòyì kì í gba ojú kan lọ. Bó bá ti rìn díẹ̀, ibi tó bá wù ú ló ń yà sí. Ẹni tó bá de awò mọ́ ṣakabùlà kàn ń fi ojú tó mọ́ kedere wo àmì tí kò ní bà ni. Ráífù nìkan ni ọ̀rọ̀ awò yẹ, ìyẹn ráífù eré ìdárayá bíi .22 (èyí tí ọta rẹ̀ fẹ̀ tó bíi ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún ínǹṣì), àti ìbọn afẹ́fẹ́ tí ọ̀pá rẹ̀ ní ìlà nínú. Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 ti ka ráífù ológun oní 7.62 mm, 9 mm àti .300 sí èèwọ̀ fún ará ìlú. Ráífù eré ìdárayá àti ìbọn afẹ́fẹ́ pàápàá, ìwé àṣẹ la fi ń ní wọn. Ẹni tí kò bá tíì gba tirẹ̀, kó fi ìyókù lẹ́tà yìí pamọ́ di ọjọ́ tó bá gbà á.

Fún ọta .22, mítà 100 ti jìnnà. Bí a bá tún awò ṣe kí ọta bà gẹ́lẹ́ ní mítà 50, yóò ti sọ̀kalẹ̀ tó bíi sẹ̀ǹtímítà 17 nígbà tó bá fi máa dé mítà 100. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ dábùú ní kìlómítà 16 láàárín wákàtí kan, èyí tí kò ju kó máa mi ewé lọ, yóò tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10. Kò sí èyí tí awò onílọ́po 24 mú kúrò nínú méjèèjì. Ẹ tún wo ìdíje Olympic: ní ráífù onímítà 50, agbo tó ń gba máàkì 10 kò fẹ̀ ju mílímítà 10.4 lọ, ti ìbọn afẹ́fẹ́ onímítà 10 sì jẹ́ ẹ̀kán tí kò ju ìdajì mílímítà kan lọ. Òfin ìdíje kò gba awò láàyè rárá. Ihò kékeré tó wà lẹ́yìn ìbọn àti òrùka tó wà níwájú rẹ̀ ni wọ́n fi ń fojú sun àmì.

Ohun tí àwọn tó ń ta awò kì í sọ ni pé bí ìlọ́po bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìmọ́lẹ̀ ń dín kù. Ẹ fi ìlọ́po pín fífẹ̀ gíláàsì iwájú. Gíláàsì onímílímítà 50 lórí ìlọ́po 24, ìmọ́lẹ̀ tó máa dé ojú yín kò fẹ̀ ju bíi mílímítà 2 lọ. Gíláàsì onímílímítà 40 lórí ìlọ́po 8 ń fún yín ní 5. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹyinjú èèyàn a máa là tó mílímítà 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà awò kékeré ni yóò ríran jù nírọ̀lẹ́. Ìlọ́po ńlá tún ń sọ ìgbọ̀nrìrì ọwọ́ àti lílù ọkàn di ńlá, ẹni tó ń yìn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í já tíríga gbà nígbà tí ìlà àgbélébùú inú awò bá ń kọjá lórí àmì. Lọ́sàn-án ọ̀gbẹlẹ̀, tí ooru bá ń ru sókè lórí àpáta àti ọ̀dà, ohun tí ẹ máa rí lórí ìlọ́po 24 á máa jó ni, eruku ọyẹ́ á sì sọ gbogbo rẹ̀ di funfun. Fún .22 àti ìbọn afẹ́fẹ́ títí dé mítà 100, awò tí a lè yí láti ìlọ́po 4 sí 12 tó, ó sì ṣẹ́kù.

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ẹ wá lára páálí ju ìlọ́po lọ ni parallax. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé àwòrán àmì àti ìlà àgbélébùú inú awò kò sí lórí ìpele kan náà, débi pé bí ojú bá yẹ̀ díẹ̀, ìlà náà á dà bí ẹni pé ó ti kúrò lórí àmì. Ẹ gbé ìbọn tí kò ní ọta nínú lé àpò iyanrìn, ẹ fi ìlà sí orí àmì, kí ẹ wá mi orí sókè-sódò àti sọ́tùn-ún-sósì láìfọwọ́ kan ìbọn. Bí ìlà bá ń rìn lórí àmì, ó wà níbẹ̀ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ awò tí wọ́n ṣe fún ráífù ńlá ni wọ́n ti tún ṣe kí parallax má sí ní yáàdì 100, ti .22 ní yáàdì 50. Ẹ gbé èyí onílọ́po ńlá tó jẹ́ ti yáàdì 100 sórí ìbọn afẹ́fẹ́ ní mítà 10, kùrukùru lẹ máa rí. Èyí tí wọ́n kọ AO tàbí SF sí lára ló ṣeé tún ṣe sí jíjìnnà tó bá wù yín. Ẹ rí i dájú pé ó lè sọ̀kalẹ̀ dé mítà 10 bó bá jẹ́ ìbọn afẹ́fẹ́ ni. Ẹni tí apá rẹ̀ kò bá ká èyí, kó máa gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ojú kan náà lórí ìdí ìbọn ní gbogbo ìgbà tó bá ń yìn.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo òǹkà. Mil àti MOA ni òǹkà igun tí wọ́n fi ń tún awò ṣe. Mil kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 ní mítà 100. MOA kan jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 2.9. Àwọn awò olówó pọ́ọ́kú kan wà tí ẹ̀kán orí ìlà inú wọn jẹ́ mil, tí kókó yíyí orí wọn, èyí tí a fi ń gbé ìlà náà sókè-sódò tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́, sì jẹ́ MOA. Ẹ má rà á. Ìṣirò ni yóò máa gba àkókò tó yẹ kí ẹ fi máa wo atẹ́gùn. Ẹ tún bi ẹni tó ń tà á bóyá àlàfo àárín ẹ̀kán yẹn péye lórí gbogbo ìlọ́po tàbí lórí ẹyọ kan péré. Nínú èyí tó wọ́pọ̀ jù, orí ìlọ́po tó ga jù nìkan ló péye; ẹni tó bá yí i sí ìdajì, tó tún ń ka ẹ̀kán bí ẹni pé kò yí i, á tàsé.

Dídè rẹ̀ ló ń ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́. Ẹ wo ẹ̀yìn ìbọn yín dáadáa kí ẹ tó ra òrùka tí ẹ máa fi de awò: mílímítà 11 ni ojú ìdè ọ̀pọ̀ .22 àti ìbọn afẹ́fẹ́, òrùka ráífù ńlá kò ní bá a mu. Ẹ nu òróró kúrò lára síkúrù. Ẹ fi awò síbi tí ẹ ti lè rí gbogbo àyíká inú rẹ̀ láìnarùn, kó jìn sí ojú tó sẹ̀ǹtímítà 8 sí 9. Ẹ wá so okùn tó ní òkúta nídìí rọ̀ lókèèrè, kí ìlà òòró inú awò bá okùn náà dọ́gba nígbà tí ìbọn fúnra rẹ̀ dúró ṣánṣán. Bí ìbọn .22 bá fi ìwọ̀n igun (digirí) 5 péré wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọta á yà ní sẹ̀ǹtímítà mélòó kan ní mítà 100. Ẹ máa de síkúrù òrùka ní díẹ̀díẹ̀, ti ọ̀tún, ti òsì. Agbára inch-pound 15 sí 18 ló wọ́pọ̀ nínú ìwé ìlò, ìyẹn bíi newton-mita 2. Ẹni tó bá fi gbogbo ara fún un á tẹ ọ̀pá awò pa, kókó yíyí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ìbọn afẹ́fẹ́ onísípíríìnì tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀: ó ń ta sẹ́yìn, ó sì tún ń ta síwájú lẹ́sẹ̀ kan náà. Awò tí kò bá kọ ọ́ sí lára pé òun lè gba èyí, inú rẹ̀ á tú láìpẹ́, bí ráífù ńlá kò tilẹ̀ ṣe é ní nǹkan kan.

Láti mú awò àti ọ̀pá ìbọn bá ara wọn mu, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní mítà 25, kí ẹ tó lọ sí 50. Ẹ yin ọta márùn-ún láìfọwọ́ kan kókó yíyí, nítorí ẹni tó bá ń yí i lẹ́yìn ọta kọ̀ọ̀kan ń lé àṣìṣe ọwọ́ ara rẹ̀ kiri ni. Ẹ wá àárín ihò márààrún. Ká ní ó fi sẹ̀ǹtímítà 3 sọ̀kalẹ̀, ó sì fi 2 yà sósì, tí kílíìkì kan, ìyẹn ìró kan tí kókó yíyí ń dún bí a bá yí i, jẹ́ 0.1 mil: ní mítà 50, mílímítà 5 ni kílíìkì kan, nítorí náà kílíìkì 6 sókè, 4 sọ́tùn-ún. Ẹ yin márùn-ún mìíràn. Lẹ́yìn èyí, ẹ dán awò fúnra rẹ̀ wò. Ẹ máa fojú sun ibì kan náà, kí ẹ yin ọta kan, kí ẹ yí kílíìkì 20 sókè, kí ẹ yìn, 20 sọ́tùn-ún, 20 sísàlẹ̀, 20 sósì, kí ẹ tún yìn. Ọta ìkẹyìn gbọ́dọ̀ padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Bí kò bá padà, ẹ dá awò padà fún ẹni tó tà á. Bí àwọn ihò bá fọ́n káàkiri, síkúrù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà ọta, nítorí páálí ọta méjì tó yàtọ̀ síra kì í bà sójú kan náà. Lẹ́yìn méjèèjì ló kan ẹni tó ń yìn.

Ti ẹni tó ń yìn kò gùn. Kó di ojú, kó mí, kó la ojú. Bí ìlà bá ti kúrò lórí àmì, ara ni kó yí, kó má fi ọwọ́ fà á padà. Kó mí jáde dé ìdajì, kó sì fa tíríga sẹ́yìn tààrà kí ìṣẹ́jú àáyá 8 tó pé, torí ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú lẹ́yìn ìyẹn. Fífa tíríga láìsí ọta dára fún ìdánrawò nílé, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe é rárá fún ìbọn onísípíríìnì, ẹ má sì ṣe é fún .22 àfi bí ìwé ìlò rẹ̀ bá gbà á.

Ohun tó kan Èkìtì gan-an ni òkè. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ẹ̀fọ̀n Alààyè tàbí Òkè-Ìmẹ̀sí, mítà 100 lórí ìdagẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n 30 kì í ṣe 100 lójú ọta; 87 ni, nítorí ibi tó tẹ́jú nìkan ni a fi ń ka fífà tí ilẹ̀ ń fà á. Ì báà jẹ́ sókè lẹ yìn ín tàbí sísàlẹ̀, òkè àmì ni yóò bà. Àwọn tó gbà pé yíyìn sísàlẹ̀ ń mú ọta rẹlẹ̀ ló ń ṣi í jù. Àpáta wa náà kò ṣeé fi ṣe ẹ̀yìn àmì. Ọta .22 a máa ta lára òkúta padà, èyí tó bá sì kọjá àmì lè rìn ju kìlómítà kan àbọ̀ lọ. Òkìtì yẹ̀pẹ̀ tí kò lókùúta nínú ni kí ẹ máa fi ṣe é.

Lákòótán, òjò. Awò tí wọn kò rọ gáàsì nitrogen tàbí argon sínú rẹ̀ á hu kùrukùru láti inú, kò sì sí aṣọ tó lè nù ún. Ẹ má tọ́jú rẹ̀ sínú àpò aláwọ tí a dé pa, torí èbù á hù lára gíláàsì rẹ̀. Àpò kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà, tó ń fa omi, ni kí ẹ kó tì í. Lásìkò ọyẹ́, ẹ fi afẹ́fẹ́ fẹ́ eruku kúrò kí ẹ tó fi aṣọ rírọ̀ nù ún. Etí ẹ̀wù tó ní eruku ló ń ha gíláàsì.

Èmi ni,
Olùkọ́ ìbọn yíyìn kan,
Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.