Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: oṣù wo ló yẹ ká gun òkè, oṣù wo ló yẹ ká lọ sétí omi?

Ẹ̀yin oníbàárà wa,

Ẹ kú àtìlẹ́yìn o. Láti ìgbà tí a ti gbé ètò ìrìn àjò ọdún yìí síta, ìbéèrè mẹ́ta ló ń wọlé sí wa jù: kí ló dé tí a kì í mú èèyàn lọ gun òkè Adó-Àwáyè, nítòsí Ìṣẹ́yìn, lóṣù kẹsàn-án, kí ló dé tí bọ́ọ̀sì wa fi ń gbéra láago 5:30 ìdájí, àti kí ló dé tí a kì í jẹ́ kí ọmọdé ti ẹsẹ̀ bọ omi adágún Ọ̀yán. A ó dáhùn wọn níbí. Ọ̀pọ̀ nínú yín kì í rántí òkè àti omi àfi nígbà Kérésì àti Àjíǹde, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ tó dára jù láti dúró lórí Olúmọ kò sí nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká ti orí Olúmọ bẹ̀rẹ̀, torí òun ló wà nílé, níbí ní Abẹ́òkúta. Mítà 137 ni orí rẹ̀ fi ga ju ojú òkun lọ. Kò jìnnà láti gùn, ẹni tí ara rẹ̀ le lè débẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gòkè bá ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ó dáa, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yín ni kí ẹ fọkàn sí. Ohun tó ń ba ọjọ́ èèyàn jẹ́ níbẹ̀ ni kéèyàn gòkè tán kó má rí nǹkan kan. Láti ìparí oṣù kejìlá títí wọ oṣù kejì, eruku tí ọyẹ́ ń gbé bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà lè bo ojú sánmà débi pé odò Ògùn á dàwátì lójú yín. Òwúrọ̀ máa ń tutù, gígùn rẹ̀ sì rọrùn, ṣùgbọ́n ẹni tó tìtorí fọ́tò wá kò ní láyọ̀. Ẹni tó bá ní ikọ́ fée, kó má ṣe kúrò nílé lásìkò yẹn láìmú oògùn tó ń fà sẹ́nu dání.

Ìparí oṣù kẹwàá sí àárín oṣù kọkànlá la yàn láàyò. Òjò ti fọ ojú sánmà, ọyẹ́ kò tíì dé, ewéko ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ẹ ó rí òrùlé páànù tó ti dípẹtà lọ salalu, ẹ ó rí ṣọ́ọ̀ṣì St. Peter's ní Aké, ẹ ó rí mọ́ṣáláṣí ńlá ní Kóbítì, ẹ ó sì rí odò náà bó ṣe ń lọ́ kọjá. Oòrùn máa ń wọ̀ ní nǹkan bí aago 6:30 lásìkò yẹn, nítorí náà aago 4 ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí gùn ún. Ní ti oṣù kejì àti ìkẹta, àárọ̀ ni o. Tó bá fi máa di aago 12, àpáta náà á ti gbóná kọjá ohun tí èèyàn lè jókòó lé.

Ọ̀rọ̀ yíyọ̀ ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ. Ẹ ó rí ìlà dúdú gbọọrọ lára àpáta, ojú ibi tí omi òjò ń gbà sọ̀ kalẹ̀ ni. Ewédò ló hù síbẹ̀. Tí ó bá tutù, kò sí bàtà tó lè dì í mú. Ẹ gba ojú àpáta tó funfun. Àmọ́ àpáta gbígbẹ náà ń yọ̀. Oòrùn ọ̀sán àti òtútù òru máa ń jẹ́ kí ara òkúta bó wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ náà á sì wà nílẹ̀ bí yanrìn tó le koko. Ó máa ń yí lábẹ́ bàtà, pàápàá nígbà tí èèyàn bá ń sọ̀. Sísọ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú, torí ẹsẹ̀ ti rẹ̀, ojú sì ń wo iwájú dípò ilẹ̀. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ sọ̀, ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, kí ẹ sì gbé gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ lélẹ̀, kì í ṣe gìgísẹ̀ nìkan. Kánfáàsì tí ìdí rẹ̀ jẹ́ rọ́bà tó ní ìlà jíjìn ló dára. A kì í gba sílípáàsì lẹ́sẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Adó-Àwáyè jìnnà díẹ̀. A máa ń gba Ìgbó-Ọrà, Erúwà, Lánlátẹ̀ àti Máyà, wákàtí mẹ́ta ni ká kà á sí bí ojú ọ̀nà bá dára. Àtẹ̀gùn tó lé ní 350 wà níwájú kí ẹ tó bọ́ sórí àpáta fúnra rẹ̀, adágún Ìyákẹ́ sì wà lókè lọ́hùn-ún. Afinimọ̀nà ọmọ ìlú la máa ń gbà. Òun ló mọ ibi tí a lè dé àti ibi tí a kò gbọ́dọ̀ dé, ohun tó bá sọ létí Ìyákẹ́ ni abẹ gé. Ẹnikẹ́ni kì í wẹ̀ níbẹ̀. Omi mímu lítà 3 ni fún àgbàlagbà kan, ìyẹn píọ̀ wọ́tà 6, kí ẹ pín in sí báàgì ẹ̀yìn kí ọwọ́ méjèèjì lè ṣófo.

Ìdí tí a fi ń gbéra láago 5:30 ni ìjì. Láti oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, àti nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, ọ̀sán ni ojú ọjọ́ sábà máa ń ṣú. A fẹ́ kí gbogbo yín ti wà nísàlẹ̀ nígbà tí aago 1 bá lù. Lórí àpáta gbalasa, ẹ̀yin lẹ ga jù. Bí mànàmáná bá kọ, ẹ máa ka ìṣẹ́jú àáyá títí àrá yóò fi dún. Àáyá 3 jẹ́ kìlómítà 1. Bí ẹ kò bá tíì ka 30 tó fi dún, ìjì náà kò tó kìlómítà 10 sí yín, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ má sì sá sábẹ́ igi kan ṣoṣo. Ní oṣù kẹsàn-án, òjò ń rọ̀ léraléra, ewédò kò ráyè gbẹ, kùrukùru sì ń bo orí òkè. Ìdí nìyẹn tí a fi ń dúró di ìparí oṣù kẹwàá.

Ọ̀yán ni a fẹ́ kí ẹ fetí sí jù. Ìsédò tí wọ́n ṣí ní 1983 ni, adágún ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀ tó héktà 4,000. Omi tó tẹ́jú bíi jígí láàárọ̀ ni, ó sì ń wu ọmọdé. Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí ti kọ ọ́ sílẹ̀ tipẹ́ pé àtọ̀sí ajá, àrùn tí kòkòrò inú omi ń fà tó ń mú kí èèyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀, ń bẹ ní àwọn abúlé etí rẹ̀. Ẹni tó ní àrùn náà á tọ̀ sómi, ẹyin kòkòrò inú ìtọ̀ á pa, ọmọ rẹ̀ á wọnú ìgbín kékeré tó ń gbé lára ewéko etí omi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á jáde, á máa wá awọ ara èèyàn. Kò nílò egbò. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ti wọlé. Nǹkan bí aago 10 àárọ̀ sí aago 2 ọ̀sán ló ń jáde jù, wákàtí tí ooru ń mú kí èèyàn fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ gan-an. Nítorí náà bàtà òjò la ń wọ̀ fún yín láti etí omi dénú ọkọ̀ ojú omi.

Bí omi bá kàn yín lára láìròtẹ́lẹ̀, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 8 sí 12. Ṣáájú ìgbà náà kòkòrò náà kò tíì yé ẹyin, àyẹ̀wò lè má rí nǹkan kan. Oògùn Praziquantel tí dókítà ń lò kì í pa kòkòrò tó ṣì kéré dáadáa. Àmọ́ bí ibà tàbí ara yíyún bá yára dé, ẹ má dúró, ẹ lọ rí dókítà kí ẹ sì sọ fún un pé ẹ dé Ọ̀yán.

Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kìíní ló dùn jù níbẹ̀, kí ọkọ̀ sì ti padà sétí omi kí aago 10 tó lù, torí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ máa ń dá ìgbì sílẹ̀ lọ́sàn-án. Lóṣù kẹta àti ìkẹrin omi ń fà sẹ́yìn, ẹrẹ̀ á sì gùn láàárín yín àti ọkọ̀. Nígbà tí adágún bá kún, lóṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, wọ́n lè ṣí ìlẹ̀kùn ìsédò. Omi ìsàlẹ̀ ìsédò lè ga lójijì níbi tí òjò kò ti rọ̀ rárá, torí náà a kì í sọ̀ dé ibẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ sanwó, ẹ kọ ọjọ́ orí olúkúlùkù ránṣẹ́, àìsàn orúnkún tàbí ikọ́ fée bó bá wà, àti ìwọ̀n ọmọdé ní kílò kí a lè mú jákẹ́ẹ̀tì amúniléfòó tó bá a mu wá. Bí ọmọ bá wọ jákẹ́ẹ̀tì náà tán, a máa ń fà á sókè níbi èjìká. Bó bá gòkè kọjá etí ọmọ, ó tóbi jù, ọmọ yẹn kò ní wọ ọkọ̀. Bọ́ọ̀sì elérò 14 la ń lò. Bí a kò bá pé 9, a kì í gbéra, owó yín á padà pé pérépéré. Ààyè oṣù kọkànlá ló máa ń kọ́kọ́ tán, ẹ jọ̀wọ́ ẹ mú ọjọ́ yín kí oṣù kẹsàn-án tó parí.