Ọ́ìlì ọkọ̀ tuntun: ẹ má dúró de kìlómítà 10,000

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè kí n bá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ tuntun sọ̀rọ̀, èyí tí kì í ṣe tòkunbọ̀, lórí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì.

Nínú ìwé tó ń bá ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́, kìlómítà 10,000 tàbí oṣù 12 ni wọ́n kọ. Bí olówó ọkọ̀ bá ti ka ìyẹn tán, ó di pé ó pa ìwé dé. Ẹ ṣí i síwájú díẹ̀ sí i. Ẹ ó rí ibi tí wọ́n ti dárúkọ ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ líle: èyí tó ń rin ìrìn kúkúrú lemọ́lemọ́, tó ń gba ọ̀nà eléruku, tó ń pẹ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tàbí tó ń ru ẹrù wúwo. Tiwọn sábà máa ń jẹ́ kìlómítà 5,000 tàbí oṣù 6, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Ọkọ̀ tó ń lọ láti Mayfair sí Lágéré, láti Sábó sí géètì OAU, tó tún ń jẹ eruku ọyẹ́, ibẹ̀ gan-an ló bọ́ sí.

Ìdí rẹ̀ rèé. Omi inú ẹ́ńjìnnì máa ń tètè gbóná, ọ́ìlì kì í tètè gbóná bẹ́ẹ̀. Ní ìrìn kúkúrú, bẹntiróòlù tí kò jóná tán á gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì, ìyẹn òrùka irin inú ẹ́ńjìnnì, wọ inú ọ́ìlì, oru omi náà á bá a lọ. Ooru ló yẹ kó lé wọn jáde. Bí ẹ bá ti pa ọkọ̀ kó tó gbóná dáadáa, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé, wọ́n á mú ọ́ìlì ṣàn jù, nígbà tó bá yá á di ẹrẹ̀ dúdú. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ẹ̀wẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n kìlómítà kò ká. Nítorí náà ni mo ṣe ń tẹnu mọ́ oṣù ju kìlómítà lọ.

Àwọn kan ní kí á da ọ́ìlì ilé iṣẹ́ nù ní kìlómítà 500. Fún mọ́tò, mi ò fara mọ́ ọn, àfi bí ìwé rẹ̀ bá sọ bẹ́ẹ̀. Honda tilẹ̀ ń kìlọ̀ pé kí á má yára dà á nù. Ọ̀kadà yàtọ̀ pátápátá: ọ́ìlì kan náà, tó tó bíi lítà kan péré, ni ẹ́ńjìnnì, jíà àti kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ń lò. Kó tó pé kìlómítà 1,000 ló yẹ kí á ti pààrọ̀ ti àkọ́kọ́. Ẹ má sì bu ọ́ìlì mọ́tò sí i, kílọ́ọ̀ṣì á máa yọ̀.

Bí ọ́ìlì bá dúdú, kò túmọ̀ sí pé ó ti bàjẹ́, ìdọ̀tí ló ń fọ̀. Èyí tó bá funfun bíi mílíìkì ni kí ẹ bẹ̀rù, omi ti wọ inú rẹ̀. Bí wọ́n bá sì kọ 0W-20 tàbí 5W-30, nọ́ńbà tó ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó, sí ìdérí ibi tí a ń bu ọ́ìlì sí, ẹ má gbà fún ẹni tó ní 20W-50, tó ki jù ú lọ, ló bá oòrùn wa mu. Ihò tí ọ́ìlì ń gbà nínú ẹ́ńjìnnì ìsinsìnyí tín-ín-rín, èyí tó ki kì í tètè dé òkè ní àárọ̀.

Fílítà ńkọ́? Gbogbo ìgbà tí ẹ bá pààrọ̀ ọ́ìlì ni. Bí bébà inú rẹ̀ bá dí, ọ̀nà àbùjá kan wà tó máa ń ṣí kí ọ́ìlì má baà wọ́n ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì tí a kò sẹ́ ni yóò sì máa gba ibẹ̀ kọjá.

Orí ilẹ̀ tó tẹ́jú ni kí wọ́n ti ṣe é, kí ẹ́ńjìnnì lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ó sì ti kú. Kí wọ́n fi wáṣà tuntun sí nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ tí ọ́ìlì ń gbà jáde. Bí wọ́n bá tú fílítà àtijọ́, ẹ wo ẹnu rẹ̀: ṣé rọ́bà rẹ̀ bá a jáde? Bó bá lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n de tuntun lé e, rọ́bà di méjì, ọ́ìlì lè tú jáde lójú ọ̀nà Iléṣà, ẹ́ńjìnnì á sì gan láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Kí wọ́n fi ọ́ìlì tuntun pa rọ́bà fílítà tuntun, kí wọ́n fi ọwọ́ de fílítà náà, kì í ṣe sípánà; bó bá ti kan ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n yí i ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin sí i.

Corolla 1.8 ń gba bíi lítà 4.2 pẹ̀lú fílítà. Kí wọ́n bu 4 sí i ná, kí wọ́n tan án, kí wọ́n wo abẹ́ rẹ̀, kí wọ́n pa á, kí wọ́n dúró ìṣẹ́jú 5, kí wọ́n tó fi ọ̀pá wọ̀n ọ́n. Bó bá kọjá àmì òkè, irin tó ń yí nísàlẹ̀ á lù ú di ìfófòó, ìfófòó kò sì lè gbé irin.

Ẹ kọ ọjọ́ àti kìlómítà sílẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì, torí ilé iṣẹ́ lè bèèrè rẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n tún ọkọ̀ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Gálọ́ọ̀nù tó bá ṣófo, ẹ fi ìṣó lu ú kí ẹ tó sọ ọ́ nù, kí àwọn tó ń ṣe ayédèrú ọ́ìlì má baà rí i lò.

Èmi ni tiyín,
Mẹkáníìkì kan,
Ọ̀nà Oǹdó, Ilé-Ifẹ̀.