Olóòtú, ẹ dákun, APC kì í ṣe tánkì o

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá wa. Láti ìgbà tí bàbá mi ti ń rán mi lọ ra ìwé ìròyìn yín lọ́wọ́ fẹ́ńdọ̀ ní Sábó, Ṣágámù níbí, ni mo ti ń kà á, n ò sì kọ lẹ́tà sí yín rí, torí náà kẹ́ ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá lẹ gbé fọ́tò kan síta, ọkọ̀ ọlọ́pàá dúdú kan tó dúró síwájú báńkì ní Ìjẹ̀bú-Òde, lẹ bá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ gàdàgbà-gadagba pé tánkì ogun ti wọ ìlú. Ilẹ̀ ọjọ́ yẹn ò tíì ṣú tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta gààrí ní Òkè-Ajé fi pè mí, ó ń mí gúlegúle, ó ní ṣé ogun ti bẹ́ ni, ó ní òun ti ń di ẹrù.

Mo wá wo fọ́tò náà dáadáa. Ọkọ̀ tó ní táyà mẹ́rin, tó ní gíláàsì níwájú, tó ní ilẹ̀kùn lẹ́yìn bíi ti ọkọ̀ búrẹ́dì. Níbo lẹ ti rí tánkì tó ní gíláàsì? APC nìyẹn. Mo mọ̀ pé orúkọ yẹn náà ní wàhálà tiẹ̀ lóde òní, torí tí mo bá dárúkọ ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi á ní èwo nínú ẹ̀, ti onígbálẹ̀ àbí ti ọlọ́pàá. Àmọ́ lẹ́tà mẹ́ta yẹn, Armoured Personnel Carrier lédè Òyìnbó, ò ju ọkọ̀ onírin tó ń kó ṣọ́jà lọ. Iṣẹ́ tánkì ni kó lọ jà. Iṣẹ́ tèyí ni kó gbé èèyàn débi ìjà, kó sì gbé wọn padà wálé. Kì í ṣe pé mo kàn ń wá àṣìṣe yín o, àwọn èèyàn ti kú lórí àṣìṣe yìí gan-an, màá dé ibẹ̀.

Mo ti wọ inú ẹ̀ rí. Ìgbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì tírélà, wọ́n wá pe ọ̀gá mi pé APC kan kọ̀ kò stáàtì, ló bá ní kí n gbé àpótí irinṣẹ́ tẹ̀ lé òun. Ẹ́ńjìnì ẹ̀ ò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti tírélà, éà ló wọ ọ̀nà dísù, ọ̀gá mi yanjú ẹ̀ kíá. Àmọ́ mo yọjú sẹ́yìn, níbi tí àwọn ọlọ́pàá ń jókòó sí. Ọ̀sán gangan ni, irin yẹn gbóná bí àgbá àsáró, bẹ́ǹṣì méjì kọjú síra, ihò tín-ín-rín ni wọ́n fi ń wo ìta, orí mi sì kọ lu irin bí ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo jókòó, mo ń rò ó pé tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn yìí mọ́ èèyàn mẹ́wàá, tí ìbọn wá ń dún lóde, wọn ò ríran, wọn ò gbọ́ràn, ọwọ́ dẹ́rẹ́bà ni ẹ̀mí gbogbo wọn wà. Ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí ti wọ̀ mí lára, tí mo ti ń ka ìtàn ẹ̀ kiri, ìyàwó mi ní ó ti di àrùn.

Àwa ará Ìjẹ̀bú ló sì yẹ kó tètè yé jù, ohun tí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ṣọ́jà sínú irin. Ní May 1892 tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbógun dé Ìmàgbọn, àwọn bàbá wa ò fọwọ́ lásán jà o, wọ́n níbọn, wọ́n sì tó ìjà í jà, àmọ́ Òyìnbó gbé ìbọn Maxim dání, asọ̀rọ̀-má-gbèsì, tó ń yìn ín lọ ràì-ràì-ràì láìdúró ki ọta. Ojúlówó akọni ò rí nǹkan ṣe sí i. Kò ju bí ọdún 22 lọ tí àwọn Òyìnbó fi kọjú irú ìbọn yẹn síra wọn lọ́hùn-ún, ní 1914, gbogbo wọn bá gbẹ́ kòtò, wọ́n wọnú ẹ̀, ẹni tó bá yọrí, ó kú. Ibẹ̀ ni tánkì ti jáde, 15 September 1916, nílẹ̀ Faransé, níbì kan tí wọ́n ń pè ní Flers. Tánkì ń lọ, ọta ń ta dànù lára ẹ̀, ó dáa. Àmọ́ àwọn ṣọ́jà tó ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́yìn ẹ̀ ńkọ́? Ẹran ara náà ni wọ́n.

Ni wọ́n bá ní ẹ jẹ́ ká kó wọn sínú irin náà. Ìgbà àkọ́kọ́ ò dùn ún gbọ́. Wọ́n na tánkì gùn, Mark V tó gùn, wọ́n kó àwọn ayìnbọn sí i ní August 1918 ní Amiens, nílẹ̀ Faransé kan náà, ẹ́ńjìnì wà nínú ilé kan náà pẹ̀lú wọn, èéfín ń jáde, ooru mú, nígbà tí ilẹ̀kùn máa ṣí, òmíràn ń bì, òmíràn ò lè dìde. Ẹni tó bá ti jókòó sẹ́yìn dánfó tí ẹ̀sọ́ọ̀sì ẹ̀ ń jò láti Ṣágámù dé Ọjọ́tà á mọ ohun tí mò ń sọ. Lọ́dún yẹn kan náà wọ́n wá ṣe Mark IX, èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún kíkó ṣọ́jà nìkan, 30 èèyàn ló lè gbé, kò sì sáré ju bíi kìlómítà 7 ní wákàtí kan lọ. 34 péré ni wọ́n ṣe, ogun sì parí kó tó wúlò. Ìyẹn ni bàbá-ńlá APC tó wà nínú fọ́tò yín.

Ogun Hitler dé, àwọn ará Jámánì ṣe oní-táyà-níwájú-onísẹ́ènì-lẹ́yìn, Sd.Kfz. 251, wọ́n ṣe é ju 15,000 lọ, kò lórí rárá, òjò àti gìrìnéèdì ń wọlé fàlàlà. Amẹ́ríkà náà ní tiwọn. Ẹ jẹ́ ká yára kọjá ibẹ̀, torí èyí tó wù mí jù nínú gbogbo ìtàn yìí, iṣẹ́ àwa mẹkáníìkì àti wẹ́dà ni. Ní August 1944, nítòsí Caen nílẹ̀ Faransé, ọ̀gágun Kánádà kan tó ń jẹ́ Guy Simonds rí i pé àwọn ọmọ òun ń kú bí ewé. Ó wo àwọn ọkọ̀ kan tó ń ru àgbá, ìyẹn ìbọn ńlá, tí wọ́n ń pè ní Priest, ìyẹn Àlùfáà, torí ibi tí ayìnbọn ń dúró sí nínú ẹ̀ jọ àga ìwàásù. Ó ní ẹ yọ àgbá inú ẹ̀, ẹ fi irin dí ojú ihò ẹ̀ pa, ẹ kó ṣọ́jà sí i. Àwọn mẹkáníìkì ò sùn, láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan wọ́n ti yọ àgbá lára bíi 70, wọ́n sì gbé ṣọ́jà kọjá láàárín òru 7 sí 8 August wọ àárín àwọn ará Jámánì lọ́hùn-ún. Kangaroo ni wọ́n ń pe ọkọ̀ náà, orúkọ ẹranko tó ń gbé ọmọ sínú àpò ikùn ẹ̀. Àwọn ṣọ́jà aláwàdà ní tiwọn ń pè é ní àlùfáà tí wọ́n gba aṣọ lọ́rùn ẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa o: àgbá ni wọ́n yọ kúrò kí ọkọ̀ tó lè gba ẹ̀mí là.

Èyí tí mo ní màá dé wá kù. Ní 1960 Amẹ́ríkà gbé M113 jáde, alumíníọ̀mù ni ara ẹ̀, bí àpótí kan báyìí, ṣọ́jà 11 pẹ̀lú awakọ̀ àti ọ̀gá ọkọ̀, ó lè rin orí omi, kò wọ́n, wọ́n sì ti ṣe é ju 80,000 lọ, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilẹ̀ tí ò dé. Wọ́n kó o fún àwọn ṣọ́jà Gúúsù Vietnam. Àwọn wọ̀nyẹn rí i pé ọta ò wọ̀ ọ́, ni wọ́n bá ń lò ó bíi tánkì, wọ́n ń gùn ún lọ kòlù èèyàn lójúkojú. Ó jọ wọ́n lójú fúngbà díẹ̀. Nígbà tó di 2 January 1963, ní abúlé Ap Bac lọ́dọ̀ wọn níbẹ̀, àwọn ọ̀tá ò sá, wọ́n jókòó sínú kòtò wọn. Ẹni tó máa yin ìbọn orí M113 gbọ́dọ̀ yọ àyà síta, kò sì sí nǹkan tó bo àyà yẹn. 14 nínú àwọn ayìnbọn yẹn ló kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n wá ń lẹ irin mọ́ ibi ìbọn. Ẹni tó pe akẹ́rù ní akọgun ló rán àwọn ọmọ yẹn lọ.

Àwọn Rọ́ṣíà ní ó dáa, kí ni ì bá ṣẹlẹ̀ tá a bá kúkú po méjèèjì pọ̀. Wọ́n ṣe BMP, wọ́n gbé e jáde fún aráyé wò ní Moscow ní November 1967, àgbá mílímítà 73 lórí, ọta amúná tó ń lépa tánkì, ṣọ́jà 8 lẹ́yìn tí wọ́n lè yìnbọn láti inú ihò láìjáde. Òyìnbó gbogbo dìde fuu, Jámánì gbé Marder jáde ní 1971, Amẹ́ríkà gbé Bradley ní 1981. Irú ọkọ̀ yìí ló ń jà, ó sì ń kó èèyàn, ó jọ tánkì ju APC lọ, tẹ́ ẹ bá pe ìyẹn ní tánkì màá dákẹ́. Àmọ́ kò sí ọ̀fẹ́ nínú iṣẹ́ irin. Àgbá gba àyè, ọta gba àyè, bí ìbọn ṣe ń tóbi ni èrò ń dín, M113 kó 11, Bradley ò kó ju 6 tàbí 7 lọ. Ti BMP tiẹ̀ burú, dísù ló wà láàárín àwọn ṣọ́jà tó fẹ̀yìn tira wọn, ó tún wà nínú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí wọ́n ń gbà jáde! Mẹkáníìkì wo ló máa gbé táǹkì epo sínú ilẹ̀kùn? Nígbà tí wọ́n dé Afghanistan, orí ọkọ̀ ni àwọn ọmọ náà ń jókòó sí, wọ́n ní kí ọta bá àwọn lóde sàn ju kí bọ́ǹbù ilẹ̀ sun àwọn nínú ilé lọ. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ lórí M113 ní Vietnam.

Bọ́ǹbù ilẹ̀ yẹn ló wá kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ ikùn. Àwọn ará South Africa ló gbajúmọ̀ níbẹ̀, Buffel àti Casspir, ní nǹkan bí ọdún 1978 sókè. Wọ́n gbé ọkọ̀ ga, wọ́n ṣe abẹ́ ẹ̀ bí ikùn ọkọ̀ ojú omi, tó rí bíi lẹ́tà V, tí iná bá bú láti ìsàlẹ̀ á pín sọ́tùn-ún sósì, táyà á fò lọ, èèyàn á wà. Amẹ́ríkà fojú di í, àfi ìgbà tí bọ́ǹbù ẹ̀bá títì pa wọ́n lọ rẹpẹtẹ ní Iraq, ni wọ́n bá ń ra irú ẹ̀ ní ìrákirà láti 2007, wọ́n ń pè é ní MRAP.

Ibi tó sì dùn mí sí ni pé irú ọkọ̀ yìí ò jìnnà sí yín rárá. Òde-Rẹ́mọ níbí ni ilé iṣẹ́ Proforce ti ń ṣe ọkọ̀ aláàbò irin, títí kan MRAP tí wọ́n sọ ní Ara, ààrá tiwa tó ń sán lójú ọ̀run yìí ni o, kì í ṣe orúkọ Òyìnbó. Ọmọ Rẹ́mọ ń jó irin ọkọ̀ ogun ní kìlómítà díẹ̀ sí Ṣágámù, ìwé ìròyìn Yorùbá ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀ àti tánkì! Ẹ rán akọ̀ròyìn yín kan lọ síbẹ̀, kó lọ bá àwọn wẹ́dà yẹn sọ̀rọ̀, kó bèèrè bí wọ́n ṣe ń tẹ ikùn ẹ̀, èmi máa ra ẹ̀dà mẹ́ta.

Tẹ́ ẹ bá sì ń wá orúkọ tí ẹ máa pè é, ọkọ̀ akóṣọ́jà ti tó o, ọmọdé á gbọ́, àgbà á gbọ́. Eléyìí tó ní àgbá ńlá lórí, ẹ lè pè é ní akóṣọ́jà alágbàá.

Ẹ̀gbọ́n mi ti kó gààrí ẹ̀ padà sí ìsọ̀. Ó ní kí n bi yín léèrè ta ló máa san owó Márúwá tó fi kó o lọ sílé.

Èmi ni tiyín,
Mẹkáníìkì tírélà kan, Ṣágámù.