Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Máa Bèèrè Ìtàn Ìgbésí Ayé Àwọn Àgbà

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ṣe iṣẹ́ ìwé ìròyìn yìí. Ọ̀rọ̀ mi kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa, pàápàá jù lọ àwọn tí ń kọ́ èdè Yorùbá àti ìmọ̀ ìtàn, tí wọ́n máa ń wá àwọn àgbà wá sílé nígbà tí àkókò àti kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣekágbá bá tó. Wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á gbé fóònù síwájú ìyá àgbà, wọ́n á sì bèèrè oríkì ìdílé, ẹkún ìyàwó, àlọ́ àti èèwọ̀ ìlú. Bí wọ́n bá ti gba èyí tí wọ́n ń wá, ó di gbére. Wọn kì í bèèrè ẹni tí ó kọ́ ìyá náà ní òwò, ọjà tí ó kọ́kọ́ ná, tàbí ìlú tí ó gbé kí ó tó padà wálé. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí wọ́n máa bèèrè ìtàn ìgbésí ayé ẹni náà gan-an, kí àwọn olùkọ́ wọn sì ka irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí iṣẹ́ ìwádìí tí ó yẹ fún máàkì.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbi tí mo ń gbé, agboolé tí ẹnikẹ́ni kò ti gbé Gánà rí kò pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ rí ní Ọ̀fà, Ìgbẹ́tì, Ìgbòho àti Ṣakí. Àwọn èèyàn wa tàn ká ọjà Kumasi, Tamale àti Accra, wọ́n bímọ síbẹ̀, wọ́n sì kọ́lé síbẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó kúrò ní Gánà. Àwọn kan ta ọjà wọn ní owó pọ́ọ́kú, àwọn kan fi gbèsè tí oníbàárà jẹ wọ́n sílẹ̀, wọ́n sì kó tọmọtọmọ sínú ọkọ̀ tí ó gba Tógò àti Dàhòmì (tí a ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí) kọjá wá sílé. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà náà ti kọjá àádọ́rin ọdún báyìí, púpọ̀ nínú àwọn tí ó dàgbà jù ú lọ sì ti papò dà. Àwọn ọ̀dọ́ wa gbọ́ pé Nàìjíríà lé àwọn ará Gánà ní 1983, ṣùgbọ́n mo ti bá akẹ́kọ̀ọ́ pàdé tí kò mọ̀ pé wọ́n lé ìyá bàbá rẹ̀ kúrò ní Gánà ṣáájú ìgbà náà, bẹ́ẹ̀ inú ilé kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé.

Ìwé ìjọba yóò sọ ọjọ́ tí àṣẹ náà jáde. Ohun tí ìyàwó ilé kan dì sẹ́rù àti ohun tí ó fi sílẹ̀, ẹni tí ó gbà wọ́n sí yàrá nígbà tí wọ́n dé, àti bí ọmọ tí ó gbọ́ Twi, èdè Gánà, ju Yorùbá lọ ṣe jókòó sí kíláàsì láàárín àwọn tí ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ṣẹlẹ̀ sí nìkan ni a ti lè gbọ́ ọ. Gbogbo wa ni a máa ń pa á lówe pé bí ọmọdé ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, ṣùgbọ́n ta ni ó ti bẹ àgbà pé kí ó tú àkísà náà sílẹ̀, kí ó sì sọ ibi tí ó ti rí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn?

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ti ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ọmọ Yorùbá kan rí, ní òkè òkun. Ní 1927, Zora Neale Hurston, tí ó ń kàwé ní Barnard College ní New York nígbà náà, lọ sí ẹ̀bá ìlú Mobile ní ìpínlẹ̀ Alabama lọ bá bàbá arúgbó kan tí wọ́n ń pè níbẹ̀ ní Cudjo Lewis. Oluale Kossola ni orúkọ tí ó gbé wá láti ilé. Àwọn onímọ̀ gbà pé agbègbè Bantè, ní apá ilẹ̀ Yorùbá tí ó bọ́ sí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ lónìí, ni ó ti wá. Àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ni ó mú un nígbà tí ó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 19, wọ́n tà á ní èbúté Ouidah, ọkọ̀ Clotilda sì kó òun àti àwọn mìíràn tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún dé Alabama ní 1860, nígbà tí òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé léèwọ̀ fún ohun tí ó lé ní àádọ́ta ọdún. Hurston padà lọ bá a, ó sì lo oṣù bíi mẹ́ta nínú iṣẹ́ náà. Ó fi orúkọ ilé pe bàbá, omijé ayọ̀ sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó ń gbé èso àti oúnjẹ lọ fún un. Lọ́jọ́ tí bàbá bá sì ní ọgbà òun ni òun fẹ́ tọ́jú, Hurston á fi í sílẹ̀, á sì padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Nígbà tí ó tó láti ya fọ́tò, bàbá wọ aṣọ tí ó dára jù lọ tí ó ní, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó sì dúró sí itẹ́ òkú tí ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ wà. Ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan fẹ́ kí Hurston yí ọ̀nà tí bàbá gbà ń sọ̀rọ̀ padà nínú ìwé tí ó kọ nípa rẹ̀, kò gbà, ìwé náà kò sì jáde títí di 2018, nígbà tí àwọn méjèèjì ti kú tipẹ́.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tiwa ń wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà mìíràn ní ọjọ́ ọjà, wọ́n á sì ní kí ìyá sọ ìtàn ìgbésí ayé wọn. Ìdáhùn tí wọn yóò gbà ni pé, "Kí ni mo fẹ́ sọ?" Kí wọ́n wá lẹ́ẹ̀kan láti kí ìyá lásán, kí wọ́n fi fóònù sí àpò. Kí wọ́n bèèrè ẹni tí ó wà nínú fọ́tò tí ó wà lára ògiri, tàbí aṣọ tí ó wà nísàlẹ̀ àpótí, ọ̀rọ̀ yóò sì máa jáde. Kí wọ́n gba àṣẹ kí wọ́n tó gba ohùn sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ orogún àti ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wà tí ó lè tú agboolé ká. Bí àgbà bá ní kí a pa fóònù, kí a pa á lójú ẹsẹ̀. Kí a kọ ẹ̀ka èdè wọn bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kí a fi àmì ohùn sí i.

Mo ti gbọ́ tí olùkọ́ kan sọ pé ìtàn ẹnìkan kò tó ìwádìí. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó parí iṣẹ́ ńlá rẹ̀ lórí ìtàn Yorùbá ní 1897, gbọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀ lẹ́nu àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ àti àwọn àgbà tí nǹkan ṣojú wọn, ó sì dárúkọ àwọn kan nínú wọn, irú bíi Lágúnjú Tìmì Ẹdẹ. Nínú àpilẹ̀kọ tòní, "ìyá àgbà kan", láìsí orúkọ, ni a máa ń kà.

Ohun tí ó ń dùn mí jù ni pé ẹni tí ó sọ ìtàn kì í rí i mọ́. Wọ́n á di iṣẹ́ náà ní ìwé líle, wọ́n á tò ó sí pẹpẹ ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́, eruku á sì bò ó. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ padà lọ ka ohun tí ó kọ sí etígbọ̀ọ́ àgbà náà kí wọ́n bá a tún un ṣe, kí ẹ̀dà kan pẹ̀lú ohùn tí ó gbà sílẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹbí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wa nìkan ni wọ́n ń gbé ilé ńlá, tí àwọn ọmọ wà ní Èkó tàbí Kánádà. Inú wọn a máa dùn sí ọ̀dọ́ tí ó padà wá nígbà tí kò tún ní ohun tí ó fẹ́ gbà mọ́.

Mo rọ àwọn olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá àti ìmọ̀ ìtàn pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ èyí ní sáà tí ń bọ̀, kí wọ́n sì kọ́kọ́ rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí àwọn tí ó ti Gánà dé, nítorí wọn kò pọ̀ mọ́. Mo sì bẹ ẹ̀yin náà, Olóòtú, pé kí ẹ yọ̀ǹda ìdajì ojú ìwé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀kan nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú orúkọ àti fọ́tò àgbà náà bí wọ́n bá gbà, àti orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ ọ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì,
Ògbómọ̀ṣọ́.