Àkànbí, má tíì ra agolo yẹn

Ìbarà, Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ 18, Oṣù Kìn-ín-ní.

Àkànbí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé òtútù ń hàn yín léèmọ̀ lọ́hùn-ún. Ọyẹ́ ló dé sí wa níbí. Bí mo bá nu mọ́tò láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán, ọmọdé lè fi ìka kọ orúkọ ara rẹ̀ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

O bi mí pé kí ni kí o fi sínú páálí tí o fẹ́ fi ránṣẹ́, ṣé pọ́líṣì ni àbí wáàsì, ìyẹn ìda tí wọ́n fi ń pa ara mọ́tò, àti pé o ti rí wáàsì kan nínú agolo tó rẹwà. Jọ̀ọ́, má tíì rà á. Ká ní ọdún tó kọjá lo bi mí ni, ǹ bá sọ pé kí o ra èyíkéyìí tó bá ṣáà ti ń dán. Ojú mi ti là báyìí, owó mi ló sì là á.

O mọ̀ pé dúdú ni mọ́tò yìí, dúdú kì í sì í bo àṣírí. Àwọn ọmọ tó ń fọ mọ́tò lẹ́bàá ọ̀nà ni mò ń gbé e fún tẹ́lẹ̀. Àkísà kan náà ni wọ́n fi ń nu mọ́tò mẹ́wàá, wọ́n á tún ta kẹrosíìnì díẹ̀ sómi kó lè dán. Bí oòrùn bá ti tàn sí i, ìlà wẹ́wẹ́ á kún ara rẹ̀, àfi bíi pé aláǹtakùn ta òwú sí i. Mo gbé e lọ bá ọkùnrin kan tó ní òun ní pọ́líṣì tó gbóná. Nígbà tó ṣe tán, mo lè wo ara ilẹ̀kùn fá irùngbọ̀n. Mo sanwó, mo tún fún un lówó ọtí. Mo fọ mọ́tò lẹ́ẹ̀mejì péré, òwú aláǹtakùn padà, kò dín ẹyọ kan.

Bàbá kan tó ń kun mọ́tò ní Láfẹ́ńwá ló wá là mí lọ́yẹ̀. Ó po sípírítì mọ́ omi, ó fi aṣọ rírọ̀ nu ibì kan lára búùtù, gbogbo ìlà tó kù sì yọjú. Ó ní, “Òróró ni wọ́n fi dí i fún ẹ. Wọn ò gé nǹkan kan.”

Ọ̀rọ̀ “gé” yẹn ni kókó. Inú pọ́líṣì ni nǹkan kíkúnná kan wà, bí iyanrìn tí wọ́n lọ̀ títí tó fi dà bí ẹ̀lúbọ́. Òun ló ń ha ojú ọ̀dà díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ rẹ̀ á fi tẹ́jú dé ìsàlẹ̀ ìlà. Wáàsì kò gé nǹkan kan ní tiẹ̀, ó ń bò ó ni. Ìwọ tí o dàgbà sí Ìtòkú, ṣé o rántí bí àwọn ìyá ṣe máa ń yọ́ àbẹ́là, tí wọ́n á fi ya ara aṣọ kí wọ́n tó rì í sínú aró? Ibi tí ìda bá wà, aró ò ní wọ̀ ọ́. Iṣẹ́ tí wáàsì ń bá mọ́tò ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí aṣọ bá ti ya tẹ́lẹ̀, ìda ò ní rán an.

Ohun tó wá bà mí lẹ́rù ni pé gígé náà níye. Ọ̀dà tó mọ́ gaara tó wà lókè pátápátá, èyí tí àwọn akunmọ́tò ń pè ní kílíà, tín-ín-rín ju irun orí lọ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ń fi rọ́bìn (rubbing compound), ìyẹn pọ́líṣì líle tó jẹ́ àbúrò ìwé ìdán (sandpaper), lu mọ́tò ní gbogbo ọdún. Ó dà bí ẹni tó ń bó iṣu láìwo ọ̀bẹ: èèpo á pọ̀ nílẹ̀, iṣu á tán lọ́wọ́. Nítorí náà, má fi rọ́bìn ránṣẹ́ sí mi. Pọ́líṣì tó kúnná jù nínú tiwọn ni kí o rà, bí kò bá pa ìlà náà rẹ́ tán, màá gba èyí tó bá pa rẹ́. Bàbá yẹn tún kọ́ mi ní ọgbọ́n kan: bí o bá fi pọ́líṣì pa ara mọ́tò, tí àwọ̀ mọ́tò sì lẹ̀ mọ́ aṣọ funfun, kò sí kílíà níbẹ̀, ọ̀dà gan-an lò ń gé. Bọ́ńpà iwájú mi rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó ni ín kí n tó rà á ló tún un kùn.

Ó wá ku wáàsì. Èyí tí o rí nínú agolo yẹn, ó dá mi lójú pé carnauba ni. Ara ewé ọ̀pẹ kan ní Bùràsíl ni wọ́n ti ń rí i. Wọ́n á gé ewé, wọ́n á sá a, wọ́n á sì lù ú títí ìda á fi gbọ̀n dànù bí ìyẹ̀fun. Ìda oyin ń yọ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n 62 sí 64 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ti carnauba ń tó 82 sí 86, ó sì ń mú kí dúdú jinlẹ̀ bí aró tó gbó. Mo fẹ́ràn rẹ̀, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni, ó pẹ́ tán oṣù méjì, á ti lọ, èmi ò sì ní ọwọ́ tí màá fi máa pa á lóṣooṣù. Èyí tí wọ́n ń pè ní sealant, tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe, kò rẹwà tó o, àmọ́ ó lè lo oṣù mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun ni kí o rà. Má jẹ́ kí wọ́n tan ọ́ ra ceramic, oríṣi ohun ìbo-ọ̀dà mìíràn. Ó ń fẹ́ ibi tí eruku ò sí, níbo ni màá ti rí ìyẹn ní Abẹ́òkúta nígbà ọyẹ́?

Kí o tún bá mi wá aṣọ ìnumọ́tò rírọ̀ tí wọ́n ń pè ní microfibre, mẹ́fà, ó kéré tán, àti amọ̀ rírọ̀ tí wọ́n fi ń fa ìdọ̀tí tó ti wọ ọ̀dà lára. Garawa méjì ti wà nílé, ọ̀kan fún omi ọṣẹ, ọ̀kan fún ṣíṣan kànrìnkàn. Mi ò tún ní gbé e fún ẹnikẹ́ni fọ̀. Àfẹ̀mọ́jú ni màá máa ṣe é, kí oòrùn tó mú ara irin gbóná, màá sì kọ́kọ́ fi omi ṣan eruku kí aṣọ tó kàn án. Mo ti gbé mọ́tò kúrò lábẹ́ igi máńgòrò tí mo máa ń gbé e sí, ẹyẹ ò jẹ́ kí n gbádùn ibẹ̀.

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá dé, màá wo omi lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá ń yípo bí ìlẹ̀kẹ̀, sealant rẹ ṣì wà. Bó bá tẹ́ bí ẹní, màá tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu.

Àdìrẹ ìyàwó rẹ ti wà lọ́wọ́ mi, yáàdì márùn-ún, ẹlẹ́kọ ni. Sọ fún un kó má fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àlàbí