Ata inú ìgò: lẹ́tà sí Bísí

London

Bísí, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí Bàbá Kọ́lá àti àwọn ọmọ. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níbí. O bi mí léèrè pé nínú àwọn ata olóróró inú ìgò tí wọ́n ń tà ní àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá ní Ìbàdàn báyìí, èwo ni kí o fi owó rẹ rà, kí sì ni kí o máa fi jẹ. Orí fóònù kọ́ ni mo ti lè dáhùn èyí, nítorí pé àwọn ata wọ̀nyí jọra lójú ju bí wọ́n ṣe jọra lẹ́nu lọ.

Kì í ṣe nítorí òróró la ṣe ń rà wọ́n. Ohun tó wà ní ìsàlẹ̀ ìgò là ń sanwó fún, ìyẹn ata gbígbẹ, àlùbọ́sà, aáyù tàbí ẹ̀wà sóyà tí wọ́n ti dín gbẹ, tí èèyàn lè máa rún wómúwómú. Òróró pupa á wá lé téńté sórí wọn. Ẹni tó bá fi ṣíbí bu òkè nìkan, òróró lásán ló jẹ. Ṣe ni kí o ti ṣíbí gbígbẹ bọ ìsàlẹ̀, kí o rò ó pọ̀, kí o tó bù ú.

Tí o bá rí ìgò tí àwòrán obìnrin kan tí kò rẹ́rìn-ín wà lára rẹ̀, Lao Gan Ma nìyẹn. Tao Huabi ni obìnrin náà ń jẹ́. Ó ń ta núdùùsì ní ìlú Guiyang, ní ìpínlẹ̀ Guizhou ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà, títí ó fi hàn gbangba pé ata tó ń fi sí i gan-an ni àwọn oníbàárà ń tìtorí rẹ̀ wá, ó sì dá ilé-iṣẹ́ ata sílẹ̀ lọ́dún 1997. Tirẹ̀ ni mo máa ń rà jù, nítorí pé owó rẹ̀ kò ga, adùn rẹ̀ kò sì ṣe ségesège. Ṣùgbọ́n rí i pé o ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò, torí oríṣiríṣi ni wọ́n ń ṣe, àwòrán kan náà ló sì wà lára wọn: ọ̀kan wà tí ẹ̀pà kún inú rẹ̀, ọ̀kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀wà sóyà dúdú oníyọ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀, ọ̀kan sì wà tó jẹ́ pé ata àti àlùbọ́sà díndín ló gba iwájú. Èyí tí mo dárúkọ kẹ́yìn yìí ni kí o mú. Kò ní ta tó fún ẹnu ará Ìbàdàn, má retí bẹ́ẹ̀. Bí ata náà ṣe ń ta sánsán, pẹ̀lú àjínómótò inú rẹ̀, ló fi ń múni. Ní ti ẹ̀wà sóyà dúdú yẹn, iṣẹ́ tí irú ń ṣe nínú ọbẹ̀ ló ń ṣe: ó máa ń jẹ́ kí oúnjẹ tí kò lẹ́ran dùn bí ẹni pé ó lẹ́ran.

Fly By Jing ni ti àwọn olówó. Jing Gao, ọmọ bíbí ìlú Chengdu ní ìpínlẹ̀ Sichuan, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tó sì fi owó tí àwọn èèyàn dá lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbé e jáde lọ́dún 2018. Amẹ́ríkà ni ọjà rẹ̀ ti gbóná jù. Nínú èyí ni wàá ti mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ata Sichuan dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ata rárá, èèpo èso igi kan tó bá igi ọsàn tan ni. Kì í ta. Ńṣe ni ètè á kọ́kọ́ máa gbọ̀n rìrì, ahọ́n á sì wá kú tipiri. Tí o bá fẹ́ mọ bó ṣe ń ṣe, rántí orín ata tí Bàbá Àgbà yín máa ń fún wa run láàárọ̀, nítorí pé ìdílé kan náà ni igi méjèèjì ti wá, Zanthoxylum ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ọkọ mi ní òun kò lè fi owó ra ohun tí yóò pa òun lẹ́nu.

Fún àwọn ọmọ, ti ilé-iṣẹ́ Momoya ti Japan, èyí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2009, ló dára. Aáyù àti àlùbọ́sà díndín ló pọ̀ níbẹ̀, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ta. Àwọn ará Mẹ́síkò náà ní tiwọn tí wọ́n ń pè ní salsa macha, tí wọ́n mọ àwọn ará ìpínlẹ̀ Veracruz níbẹ̀ mọ́, ẹ̀pà sì máa ń wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o kò bá rí i rà, má dààmú ara rẹ.

Ní ti bí a ṣe ń jẹ ẹ́, má ṣe dà á sínú ìkòkò tó ń hó. Omi ọbẹ̀ yóò rọ gbogbo ohun tó yẹ kó ró lẹ́nu, owó rẹ á sì ṣòfò. Orí àwo ni àyè rẹ̀, nígbà tí o bá ti bu oúnjẹ tán. Ìrẹsì funfun gbígbóná àti ẹyin díndín tí pupa rẹ̀ ṣì ń ṣàn ni mo fi ń jẹ ẹ́ jù. Ó bá iṣu sísè mu, ó sì bá àgbàdo sísè mu. Gé kùkúńbà, fi iyọ̀ pa á lára, jẹ́ kí omi rẹ̀ ro dànù, kí o wá fi fínígà díẹ̀ àti ṣíbí ata kan sí i. Wàá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Tó bá jẹ́ Indomie, dín èròjà inú ọ̀rá rẹ̀ kù, nítorí pé iyọ̀ ti wà nínú méjèèjì. Àwọn kan ń bù ú sórí áísìkiriìmù. Mo tọ́ ọ wò, ó dùn, n kò sì ní tún un jẹ.

Mo mọ̀ pé wàá ní kí ló fi yàtọ̀ sí ata ẹ̀wà agọ̀yìn. Mọ̀lẹ́bí ni wọ́n lóòótọ́, nítorí pé ata gbígbẹ àti àlùbọ́sà tí a dín pẹ́ ni ìpìlẹ̀ àwọn méjèèjì. Àmọ́ epo pupa ni tiwa, àlùbọ́sà rẹ̀ máa ń dúdú, ó máa ń rọ̀, ìkorò díẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ sì wà lára adùn rẹ̀. N kò ní fi ata ìgò jẹ ẹ̀wà agọ̀yìn láéláé.

Bí owó ìgò bá ti wọ́n jù, ìwọ náà lè ṣe é. Po tàtàṣé gbígbẹ, fún àwọ̀, mọ́ ṣọ̀mbọ̀ gbígbẹ, fún títa, kí o gún wọn, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí wọ́n kúnná. Gé àlùbọ́sà pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ sínú òróró tútù, kí o tó tan iná kékeré sí i. Gbàrà tó bá ti ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ ni kí o kó o jáde, nítorí pé yóò ṣì máa dúdú sí i lẹ́yìn tó bá kúrò lórí iná. Dín aáyù lọ́tọ̀, torí ó máa ń yára jóná. Sọ ẹ̀kúnwọ́ ata kékeré kan sínú òróró náà wò: tó bá hó, tí kò sì dúdú, da òróró lé ata yòókù lórí. Tó bá ti tutù pátápátá, da àlùbọ́sà, aáyù àti iyọ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Aáyù yẹn gbọ́dọ̀ gbẹ dénú, kí o sì gbé ìgò náà sínú fíríìjì, nítorí pé aáyù tútù tó bá pẹ́ nínú òróró níta lè di májèlé láìsí pé òórùn rẹ̀ tàbí adùn rẹ̀ yí padà. Ẹ kò níná déédéé, mo mọ̀. Nítorí náà, ìwọ̀nba tí ẹ lè jẹ tán kíákíá ni kí o ṣe.

Àbúrò mi ọkùnrin ń bọ̀ nílé ní Kérésìmesì, ó sì ti gbà láti bá mi gbé ìgò méjì dání fún ọ. Ọ̀kan á jẹ́ Fly By Jing. Kọ̀wé sí mi kó tó di oṣù kọkànlá, kí o sọ bóyá ti Momoya ni kí n fi ṣe ìkejì tàbí Lao Gan Ma ẹlẹ́pà, kí o sì rí i pé ẹ̀pà kò lòdì sí ara ẹnikẹ́ni nínú ilé yín.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Ṣadé